Kí ẹ tó ka iye ìtọ́kasí: bí a ṣe ń yẹ àkọsílẹ̀ àpilẹ̀kọ onímọ̀ iṣan wò

Ní May 22, 1954, jọ́nà Nature tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde tẹ̀lé ara wọn. Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ: pé nígbà tí iṣan bá súnkì, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ kì í kúrú, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ wọ àárín ara wọn. Huxley àti Niedergerke ló kọ ti àkọ́kọ́. Huxley àti Hanson ló kọ ìkejì. Ẹni tó bá ń kánjú á ní Huxley kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Andrew Fielding Huxley ló kọ ti ìṣáájú, Hugh Esmor Huxley ló kọ ìkejì. Wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Orúkọ ìdílé wọn ló kàn bára mu, tí àwọn méjèèjì sì ń tú iṣan wò lásìkò kan náà. Bí ẹ bá da ìtọ́kasí Hugh, ìyẹn iye ìgbà tí àpilẹ̀kọ àwọn ẹlòmíì dárúkọ tirẹ̀, mọ́ ti Andrew, òfo ni gbogbo ìṣirò tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà.

Èdè wa náà ní irú wàhálà yẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Iṣan là ń pe ẹran tó ń súnkì lápá, iṣan náà là ń pe okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọwọ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pàápàá, iṣan ni. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, bí mo bá pè é ní iṣan lásán, ẹran tó ń súnkì ni mo ní lọ́kàn. Èyí tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ àti ògóòró ẹ̀yìn, iṣan ìmọ̀lára ni n ó máa pè é.

Oríṣiríṣi èèyàn ló ń fẹ́ wo àkọsílẹ̀ onímọ̀ iṣan: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ọ̀gá tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbani síṣẹ́, ìdílé tí ọmọ wọn ní àrùn iṣan tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa, àti onímọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nǹkan tí púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí Google Scholar, ìyẹn ibi tí Google ti ń wá ìwé ìmọ̀, wọ́n á wo nọ́ńbà ìtọ́kasí tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á sì ti ibẹ̀ dájọ́. Èmi ò bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń wò kẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tó lè sọ fún yín bí ẹ ò bá mọ ẹni tí wọ́n kà á fún, àpilẹ̀kọ wo ni wọ́n kà, àti ìdí tí àwọn ẹlòmíì fi dárúkọ rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ìdí orúkọ múlẹ̀

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ ẹni náà lè gbà jáde síbẹ̀: orúkọ ìdílé pẹ̀lú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ kan, pẹ̀lú lẹ́tà méjì, orúkọ ní kíkún, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó ṣègbéyàwó, orúkọ tí àmì orí rẹ̀ ti já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Barré, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn pe àrùn iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ Guillain-Barré, ẹ ó rí i ní Barré níbì kan, ẹ ó rí i ní Barre níbòmíì. Kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́n tó lè ka ìyẹn sí èèyàn méjì.

Fún àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́, ẹ má retí orúkọ kíkún. PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àkọ́kọ́ àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní kíkún títí di 2002. Ohun tó ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ ìdílé àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. “Huxley AF” àti “Huxley HE” ṣì ṣeé yà sọ́tọ̀. Àmọ́ bí orúkọ ìdílé bá wọ́pọ̀, tí lẹ́tà sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà ORCID rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí onímọ̀ ìwádìí kọ̀ọ̀kan lè ní. Òǹkà 16 ni, wọ́n pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, ìgbà míì lẹ́tà X ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Láti October 2012 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni fún onímọ̀ tó bá fẹ́ gbà á. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n onímọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ORCID àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó ṣófo pátápátá, torí pé jọ́nà kan ló fi dandan lé e pé kí wọ́n gbà á, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Bí ORCID kò bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀rí mẹ́ta ni kí ẹ wá: ibi tí ẹni náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn, àwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé, àti àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ. Bí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, mo máa ń gbà pé òun ni. Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi kókó ìwádìí kún un. Andrew Huxley ló bá Hodgkin kọ àwọn àpilẹ̀kọ 1952 lórí bí iná ṣe ń rìn nínú iṣan ìmọ̀lára ẹran omi tó ń jẹ́ squid, iṣẹ́ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1963. Ọdún méjì lẹ́yìn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn, ó ti wà lórí iṣan. Ẹni tó bá fi kókó ọ̀rọ̀ nìkan ṣe ìwọ̀n á gé ọkùnrin kan sí méjì, ó sì lè lọ lẹ ìdajì kan mọ́ Hugh.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó àpilẹ̀kọ jọ láti ibi tó ju ẹyọ kan lọ

PubMed ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ó sì ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 1997. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé èèyàn ń bójú tó o, pàǹtírí inú rẹ̀ kò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìmọ̀ ìlera àti ohun alààyè ló ń kó jọ, nítorí náà bí onímọ̀ yín bá ń kọ nípa rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ran apá tó rọ lọ́wọ́, àwọn àpilẹ̀kọ tó gbé lọ sí jọ́nà àwọn ẹlẹ́rọ lè máà sí níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: láti 1984 sí 1995, òǹkọ̀wé 10 péré ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ kan, láti 1996 sí 1999 wọ́n gbé e dé 25. Ìwádìí oògùn lórí àrùn iṣan sì máa ń kó ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn pọ̀. Ẹni tó jẹ́ òǹkọ̀wé kẹtàlá ní 1992 lè wà lórí bébà tí wọ́n tẹ̀, kó má sì sí lórí PubMed.

Scopus àti Web of Science ló tẹ̀ lé e. Elsevier ló ni Scopus, Clarivate ló ni Web of Science tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ìwé atọ́ka ìtọ́kasí tí Eugene Garfield gbé jáde ní 1964. Àwọn méjèèjì ń yan jọ́nà tí wọ́n ń kà, owó sì ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń wọ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Scopus ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú ìwé òǹkọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. OpenAlex, tó dé ní 2022, ẹnikẹ́ni lè wá nǹkan nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google Scholar ní tirẹ̀ ń kó gbogbo ohun tó bá jọ ìwé ìmọ̀: ìwé àpilẹ̀kọ oyè, orí ìwé, ẹ̀dà tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, ìgbà míì àtòjọ ẹ̀kọ́ kíláàsì pàápàá. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ fi máa ń ga ju ti àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Àwọ̀n tó jù sódò ló gbòòrò jù.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ jọ́nà. Muscle & Nerve, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ẹ ó bá a pẹ̀lú àmì & lójú ìwé rẹ̀ gan-an, ẹ ó bá a pẹ̀lú “and” níbòmíì, PubMed ní tirẹ̀ gé e sí “Muscle Nerve”. Bí ẹ bá kó àkọsílẹ̀ láti ibi mẹ́ta, tí ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ka jọ́nà tí onímọ̀ yìí ti kọ̀wé sí, jọ́nà kan á di mẹ́ta mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ ṣe kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó kà. Kẹ́ ẹ má sì ro pé ibẹ̀ nìkan ni onímọ̀ iṣan ti ń kọ̀wé. Neuromuscular Disorders wà láti 1991, Journal of Neuromuscular Diseases dé ní 2014, Journal of Physiology àti Brain sì ti ń tẹ ọ̀rọ̀ iṣan jáde tipẹ́tipẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to ó sínú tábìlì, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́

Àpilẹ̀kọ kan, ìlà kan. Àwọn òpó tí mo máa ń là: ọdún, àkọlé, jọ́nà, nọ́ńbà DOI, nọ́ńbà PubMed, irú àpilẹ̀kọ, ipò ẹni náà nínú orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, iye ìtọ́kasí ní ibi kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òpó ọjọ́ sílẹ̀. Iye ìtọ́kasí ń yí padà lójoojúmọ́, nọ́ńbà tí kò bá ní ọjọ́ kò ṣeé fi wé nǹkan kan.

DOI ló ń jẹ́ kí fífọ̀ rọrùn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 ni, bí ìlà méjì bá ní DOI kan náà, àpilẹ̀kọ kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ̀dà ìṣáájú tí onímọ̀ gbé sórí bioRxiv tàbí medRxiv, àwọn ìkànnì tí wọ́n ń kó irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sí, kí jọ́nà tó gbà á ní DOI tirẹ̀ lọ́tọ̀, àkọlé rẹ̀ sì lè ti yí díẹ̀ nígbà tí jọ́nà fi tẹ̀ ẹ́. Ojú yín lẹ ó fi so méjèèjì pọ̀: ẹ wo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ẹ wo àkékúrú rẹ̀, ìyẹn ìpínrọ̀ tó sọ ohun inú rẹ̀ ní ṣókí.

Àkékúrú ìpàdé ló ń tan èèyàn jù nínú iṣẹ́ yìí. Neuromuscular Disorders máa ń tẹ àkékúrú ìpàdé World Muscle Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣan lágbàáyé, jáde gẹ́gẹ́ bí àfikún jọ́nà, nítorí náà ó ní ọdún, ó ní ojú ewé, ó ní DOI, ó jọ àpilẹ̀kọ pátápátá. Ẹ ṣí i, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ kan náà jáde ní àkékúrú lọ́dún yìí, kó di àpilẹ̀kọ kíkún lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ kàn kọ “àkékúrú” sí òpó irú rẹ̀, kí ó má lọ jókòó sáàárín àwọn àgbà.

Àtúnṣe àṣìṣe, lẹ́tà sí olóòtú, àti èsì sí lẹ́tà náà, ẹ ya àwọn náà sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ń lo ojú ìwé Google Scholar ẹnì kan, ẹ wo bóyá àmì ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti da ẹ̀dà tó ju ẹyọ kan pọ̀ síbẹ̀. Ó lè tọ́, ó sì lè jẹ́ pé àpilẹ̀kọ méjì tí kò bára tan ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ẹ tẹ àkọlé náà, yóò fi àwọn tí wọ́n dà pọ̀ hàn yín.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ipò rẹ̀ níbẹ̀

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn àti ohun alààyè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ló sábà ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó kẹ́yìn ló sábà ni yàrá ìwádìí. Àwọn tó wà láàárín, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ó lè jẹ́ ẹni tó gé ẹran iṣan wò lábẹ́ awò, ó lè jẹ́ ẹni tó kó aláìsàn méjì wá. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ti wá ń tẹ ìpínrọ̀ kékeré kan sí ìparí àpilẹ̀kọ tó ń sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, àtòjọ CRediT tó ní irú iṣẹ́ 14 sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ kà á. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ohun tí mo máa ń wá nínú òpó yìí ni bí ipò náà ṣe ń rìn bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Onímọ̀ tó ń dàgbà nínú iṣẹ́ á kúrò ní iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ àárín ló wà fún ogún ọdún, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tó mọ fọ́tò iṣan lábẹ́ awò kà lè jẹ́ òpómúléró fún yàrá ìwádìí mẹ́wàá láì ní ti ara rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ó kù kí ẹ kà

Ẹ jẹ́ ká fi àkọsílẹ̀ kékeré kan ṣe é. Èmi ni mo ṣe é fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Google Scholar fún wa ní àpilẹ̀kọ 9, ìtọ́kasí wọn rèé láti orí èyí tó pọ̀ jù: 48, 31, 22, 9, 7, 6, 6, 2, 0. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 131.

Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní San Diego, ló gbé h-index jáde ní 2005. Bí a ṣe ń kà á rèé: ẹ to àpilẹ̀kọ bí mo ṣe tò ó yẹn, kí ẹ máa ka ipò wọn, 1, 2, 3. Níbi tí nọ́ńbà ipò bá ti ju iye ìtọ́kasí lọ, ẹ dúró. Ipò tó ṣáájú ibẹ̀ ni h. Ipò kẹfà ní ìtọ́kasí 6, ó bá ara mu. Ipò keje náà ní 6, 6 kò sì tó 7. Nítorí náà h jẹ́ 6. Google Scholar ní i10 tirẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn iye àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí wọn tó 10 ó kéré tán: 48, 31 àti 22, ó jẹ́ 3.

Ó wá kan kí a fọ̀ ọ́. A rí i pé àpilẹ̀kọ tó ní ìtọ́kasí 31 kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn tó ń ṣèwádìí egungun ni. A tún rí i pé ọ̀kan nínú àwọn 6 àti èyí tó ní 2 jẹ́ àpilẹ̀kọ kan náà, ẹ̀dà ìṣáájú àti ẹ̀dà jọ́nà. Kò sí ẹni tó tọ́ka sí méjèèjì pa pọ̀, nítorí náà wọ́n di 8. Ohun tó kù: 48, 22, 9, 8, 7, 6, 0. Àpilẹ̀kọ 9 di 7. Ìtọ́kasí 131 di 100. i10 wá sí 2.

Kí wá ni h? Ipò kẹfà ní 6. h jẹ́ 6, kò mira.

Ẹ wò ó dáadáa. A yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìtọ́kasí rẹ̀ kúrò, h kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á ní ìyẹn ló fi dára, pé kò ṣeé tètè fi àpilẹ̀kọ ńlá kan tàn án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ yìí bá ṣe àwárí kan ṣoṣo tó yí ìtọ́jú àrùn iṣan padà, tí 48 yẹn di 4,800, h á ṣì jẹ́ 6. Kò sì lè ju iye àpilẹ̀kọ lọ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kì í dín kù bí èèyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kò sí ohun tó ń sọ ju pé ọ̀dọ́ ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣí àwọn tó tọ́ka sí i

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń sá. Ẹ mú àpilẹ̀kọ tó ga jù nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ ṣí àwọn tó tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ mú 30 láti ọdún tó yàtọ̀ síra. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí orúkọ onímọ̀ yín ti jáde, kí ẹ ka gbólóhùn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: lò ó, tò ó, jiyàn, tàbí tara ẹni.

Ká ní èyí tó ní ìtọ́kasí 48 nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ àpilẹ̀kọ tó wọn bí iná ṣe ń yára tó lórí iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àwọn tí ara wọn le, kí dókítà lè ní ohun tí yóò fi ti aláìsàn wé. Mo ṣí àwọn 48 tó tọ́ka sí i, mo rí 29 tó lo ìwọ̀n náà fún aláìsàn wọn. 11 kàn tò ó mọ́ àwọn ẹlòmíì nínú gbólóhùn àkọ́kọ́: “ọ̀pọ̀ ìwádìí ti wáyé lórí èyí”. 5 jẹ́ ti òun tàbí ti àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́. 3 ń bá a jiyàn.

29 yẹn ṣe pàtàkì. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣàwárí ohun tuntun, ó túmọ̀ sí pé ó ṣe ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń fi iná yẹ iṣan wò nílò. Irú àpilẹ̀kọ báyìí, àti èyí tó ń kọ́ni ní ọ̀nà iṣẹ́, máa ń gba ìtọ́kasí ju àwárí lọ. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù nígbà tí Nature ṣe ìṣirò ní 2014 ni ti Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1951, lórí bí a ṣe ń wọn púrótéènì. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fún àwọn yàrá ìwádìí ní ìwọ̀n tí wọ́n lè lò.

Àwọn 3 tó ń jiyàn ni mo máa ń kà jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ní kò kọ bí ọwọ́ àwọn èèyàn náà ṣe móoru tó. Ẹ̀sùn gidi nìyẹn, nítorí bí ọwọ́ bá tutù, iná inú iṣan ìmọ̀lára máa ń falẹ̀, ọwọ́ tó tutù lè jọ ọwọ́ tó ń ṣàìsàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìtọ́kasí 3 yìí àti ti àwọn 29 wà nínú rẹ̀. Google Scholar kò yà wọ́n.

Ti ìtọ́kasí ara ẹni, mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú àrùn tí èèyàn bí mẹ́wàá péré ń ṣèwádìí rẹ̀ lágbàáyé, ta ni kó tọ́ka sí? Scopus àti Web of Science lè yọ ọ́ kúrò fún yín. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, èyí tó ní in àti èyí tí kò ní in. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ padà wo gbólóhùn tó wà níbẹ̀.

Ẹ rántí àwọn tí wọn kò tọ́ka sí mọ́ pẹ̀lú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ àrùn Charcot-Marie-Tooth, mélòó ló ń tọ́ka sí àwọn ìwé 1886 tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀? Bí iṣẹ́ bá di ìmọ̀ gbogbogbòò, orúkọ á dúró, ìtọ́kasí á lọ. Orúkọ gan-an lè lọ: ẹni mẹ́ta ló kọ àpilẹ̀kọ 1916 tó gbé àrùn Guillain-Barré jáde, Strohl ni ìkẹta.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi wé ẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹni tó ń ṣèwádìí bí eré ìdárayá ṣe ń mú iṣan tóbi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkàwé. Ẹni tó ń ṣèwádìí àrùn iṣan kan tó ṣọ̀wọ́n kò ní wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ní ìtọ́kasí 100, kì í ṣe ohun kan náà. NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ iCite. Ẹ lẹ nọ́ńbà PubMed àwọn àpilẹ̀kọ náà síbẹ̀, yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó fi í wé àwọn tó jọ ọ́ ní ìmọ̀ àti ní ọdún. Bí ó bá jẹ́ 1, ó bá àpilẹ̀kọ àárín nínú àwọn tí NIH sanwó fún dọ́gba. Kò péye fún àpilẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ fún un lọ́dún díẹ̀.

Kí ẹ má sì fi impact factor jọ́nà wọn èèyàn. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé, fún 2024, ẹ kó ìtọ́kasí ọdún yẹn sí àwọn àpilẹ̀kọ tí jọ́nà náà tẹ̀ ní 2022 àti 2023, kí ẹ fi iye àpilẹ̀kọ náà pín in. Ti jọ́nà ni. Àpilẹ̀kọ díẹ̀ ló sábà ń gbé e sókè, àwọn yòókù ń gun ẹ̀yìn wọn. Ní December 2012, àwọn onímọ̀ àti olóòtú jọ́nà pàdé ní San Francisco, ibẹ̀ ni ìkéde DORA ti jáde, ohun tó sì sọ nìyẹn gan-an: ẹ má fi í gbani síṣẹ́, ẹ má fi í gbéni ga.

## Ìgbésẹ̀ 8: Èyí tí wọ́n ti fà padà

Kíákíá ni. PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí àpilẹ̀kọ tí jọ́nà bá ti fà padà. Àkójọ àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n fà padà tó ń jẹ́ Retraction Watch, tí Crossref, àjọ tó ń forúkọ DOI sílẹ̀, gbà ní 2023 tí wọ́n sì ṣí fún gbogbo ayé, gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ẹ fi DOI gbogbo ìlà yín wá a. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀: onímọ̀ tó rí àṣìṣe ara rẹ̀ tó sì ní kí wọ́n fà á padà, àti ẹni tó yí àwòrán púrótéènì po, ọ̀nà wọn jìn síra. Ìtọ́kasí ṣì lè máa wọlé fún àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fà padà, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 9: Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ tiyín ni

Ẹ mú ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ yín, kí ẹ má yí i mọ́. Ẹ gba ORCID, kí ẹ sì jẹ́ kí Crossref máa fi àpilẹ̀kọ tuntun síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí Google Scholar, ẹ lọ sí ètò ojú ìwé yín, kí ẹ yàn pé kó fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ yín kó tó fi nǹkan kún un. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣe é, lọ́jọ́ kan ẹ ó jí bá àpilẹ̀kọ ẹlòmíì lábẹ́ orúkọ yín, ẹni tó bá sì rí i á ní ẹ̀yin lẹ jí i. Lórí Scopus, bí ojú ìwé méjì bá ń jẹ́ orúkọ yín, fọ́ọ̀mù wà tí ẹ lè fi ní kí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dúró dé ọjọ́ tí ẹ fẹ́ béèrè fún ìgbéga.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ nọ́ńbà sínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tí wọ́n fi àpilẹ̀kọ náà ṣe. Ti àpẹẹrẹ wa á kà báyìí: “Àpilẹ̀kọ kíkún 7, ìtọ́kasí 100, h-index 6, Google Scholar, lẹ́yìn tí mo yọ àwọn ìlà tí kì í ṣe tèmi. Èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù ni ìwọ̀n ìyára iná lórí iṣan ìmọ̀lára ọwọ́. Nínú àpilẹ̀kọ 48 tó tọ́ka sí i, 29 lò ó fún aláìsàn wọn, 3 sì ṣàríwísí pé mi ò kọ ìwọ̀n ooru ọwọ́ sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ tuntun tí mo ń kọ lọ́wọ́ tún ìwọ̀n náà ṣe pẹ̀lú ooru ọwọ́.”